Lẹ́tà Tí Mo Kọ Síwájú Orúkọ Mi

Ọwọ́ mi dára lórí ìwé. N kò sọ ọ́ láti ṣe fáàrí, nítorí ọwọ́ dáadáa yìí náà ló kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé ní Ìkirè, bí ètò kan bá wà tó ń fẹ́ káàdì tàbí pátákó, èmi ni wọ́n máa ń pè. Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ aláàánú ìlú wa, ìpàdé kẹta ni wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé.

Sátidé méjì méjì la máa ń pàdé nínú kíláàsì mi. A ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Káfíńtà kan wà láàárín wa, ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, télọ̀, Alhaji kan tó ń ṣòwò kòkó, bàbá kan nínú ìjọ Aládùúrà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn mìíràn. A ti gbẹ́ kànga fún àdúgbò kan rí. A ti ra gíláàsì ojú fún àwọn arúgbó Ìkòyí tó wà nítòsí wa. Bí Iléyá bá dé, bí Kérésì bá dé, a máa ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn opó. Mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ rántí bẹ́ẹ̀ bí ẹ ti ń ka ìyókù.

Àṣà kan wà tí a ní. Kí ìpàdé tó parí, oníkálukú á dìde, á sọ ohun rere kan tó ti ṣe fún ẹlòmíràn láti ìpàdé tó kọjá, àwọn yòókù á sì pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan sọ á kọrin fún wa. Ohùn mi kò dára, nítorí náà mo máa ń rí i dájú pé mo ní nǹkan sọ.

Nọ́ọ̀sì ló mú àbá ẹ̀jẹ̀ wá. Ó ní kí gbogbo wa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, kí a kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti irú ẹ̀jẹ̀ oníkálukú sórí pátákó kan, kí a gbé e kọ́ sára ògiri láàbù ilé ìwòsàn kan ní Apòmù, kí aláìsàn má baà kú níbi tí a ti ń wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ láti ìlú ńlá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa ní Sátidé kan, a sì fẹ́ fi pátákó náà hàn wọ́n. Ọjọ́bọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà la dá láti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ láàbù ti rìnrìn àjò lọ sìnkú bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní Ìlọrin. Ààrẹ ẹgbẹ́ tẹ̀ mí láago, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé pátákó á ti ṣetán lọ́la?” Èmi tí mo kórìíra kí ẹnikẹ́ni rí mi bí ẹni tí kò lè parí iṣẹ́ rẹ̀, mo ní á ti ṣetán.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo sì fi ọwọ́ ara mi pín ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn mẹ́tàdínlógún.

O pọ́sítíìfù ni mo fún èyí tó pọ̀ nínú wọn, nítorí mo ti gbọ́ pé òun ló wọ́pọ̀. Mo fún àwọn kan ní A. Mo wá rántí pé nọ́ọ̀sì sọ pé O nẹ́gétíìfù ṣọ̀wọ́n, pé ẹni tó bá ní in kò lè gba irú mìíràn, àti pé pátákó tí kò bá ní in kò tíì pé. Mo fi O nẹ́gétíìfù fún mẹ́rin nínú wa tí ara wọn le, tí mo mọ̀ pé wọn ò ní sá bí wọ́n bá pè wọ́n: káfíńtà, ìyá onísìmẹ́ńtì, télọ̀ àti bàbá Aládùúrà. Ní tèmi, mo ti ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ láti kékeré. Mo kọ B síwájú orúkọ mi, torí mo rò pé àwọn tó máa nílò B kò ní pọ̀, wọn ò sì ní pè mí. Mo fi yíǹkì pupa kọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹwà lójú.

Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó tún un ṣe. Àwọn àlejò wá, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú pátákó, wọ́n lọ. Ọkùnrin láàbù dé, ó bá a lára ògiri rẹ̀, ó rò pé ibòmíràn la ti yẹ̀ ẹ́ wò. Káfíńtà nìkan ló bi mí pé, “Akọ̀wé, níbo lẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ mi?” Mo ní nínú fọ́ọ̀mù tó kọ nígbà tó wọ ẹgbẹ́ ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́jẹ̀ ọ̀wọ́n, a sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kọjá, oṣù kan gorí òmíràn, nọ́ọ̀sì wa kò sì tíì padà láti Ìlọrin.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Dòdò Ìkirè ló ń tà lẹ́bàá títì, fún àwọn tó ń lọ sí Ifẹ̀ àti àwọn tó ń padà sí Ìbàdàn, ata rẹ̀ sì máa ń mú ènìyàn sunkún. Apòmù ló lọ́kọ sí, àgbẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá oyún kí ó tó dé. Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ó wá kí mi nílé, ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “wọ́n ní O nẹ́gétíìfù ni mí. Wọ́n ní ká wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó tó dọjọ́ ìbí. Ọkọ mi ti fẹ́ máa sáré kiri Ìbàdàn, mo ní kó fara balẹ̀. Mo ti ka pátákó yín, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n á wá tá a bá pè wọ́n?”

Ohun tó béèrè nìyẹn, bóyá wọ́n á wá. Mo ní wọ́n á wá.

Kí ni ì bá ná mi láti sọ òótọ́? Ìtìjú díẹ̀ ni. Ó máa bú mi, a máa rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ á sì lọ sí Ìbàdàn. Mo sọ fún ara mi pé màá sáré tún pátákó náà ṣe kó tó bímọ. Mo tiẹ̀ lọ sí láàbù náà lẹ́ẹ̀kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí àwọn ènìyàn tó jókòó tí wọ́n ń dúró, mo rò ó pé wọ́n á gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì padà sílé.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ọkọ rẹ̀ pè mí. Ó ní ó ti bí, obìnrin ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo fi àwọn ọmọ kíláàsì mi sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo débẹ̀, dókítà ti sọ pé kò ṣeé gbé lọ ibòmíràn. Wọ́n ti rán àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn láti gba ẹ̀jẹ̀ wá, ó sì ti pè pé tírélà kan ṣubú ní Aṣéjire, ọkọ̀ kankan kò lè kọjá. Ọkùnrin láàbù dúró níwájú pátákó mi, ó ń pe àwọn mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n wá. Káfíńtà wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí irun rẹ̀. Télọ̀ wá, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá onísìmẹ́ńtì ti ṣọ́ọ̀bù láìkó ọjà wọlé. Bàbá Aládùúrà fẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà nínú sùtánà funfun. Káfíńtà ló kọ́kọ́ na apá. Ó rẹ́rìn-ín sí ọkọ àbúrò mi, ó ní, “Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀wọ́n rèé.”

Ọkùnrin láàbù yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún un yẹ̀ wò. Ó ní, “Ẹ̀yin kọ́.”

Ìyá onísìmẹ́ńtì náà kọ́. Télọ̀ kọ́. Bàbá Aládùúrà kọ́. Ọkùnrin náà wo pátákó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní bóyá wọ́n ṣe àṣìṣe níbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá yíjú sí mi. “Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀. B lẹ jẹ́, àbí?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ títí ó ti sú mi. Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Bí mo bá sọ pé B yẹn kì í ṣe òótọ́, gbogbo lẹ́tà tó kù lórí pátákó náà á wó lulẹ̀, níwájú káfíńtà, níwájú ọkọ rẹ̀. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé ẹlòmíràn á bá a mu. Ìròyìn ti kárí fóònù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ń dé, Alhaji kó mẹ́rin wá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọkùnrin láàbù ń yẹ̀ wọ́n wò méjì méjì. Mo dúró lẹ́bàá ògiri, mo ń gbọ́ “ẹ̀yin kọ́” lẹ́yìn “ẹ̀yin kọ́.” Nọ́ọ̀sì kan ń jáde láti yàrá ìbímọ, á wò wá, á tún wọlé. Ìgbà kẹta tó jáde, kò wò wá mọ́.

Nígbà tí kò ku ẹnì kankan, Alhaji ní, “Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló bí wọn.” Kò sọ ọ́ fún mi, ó kàn ń sọ ọ́ ni.

Mo na apá. Mo ní, “Ẹ yẹ tèmi wò. Kò dá mi lójú pé B ni.”

Ọkùnrin láàbù fà mí wá sídìí tábìlì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. O nẹ́gétíìfù ni.

N kò mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Ojú mi wà lára àpò náà bó ṣe ń kún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yára, bí ẹni ń bẹ ènìyàn. Ó kún. Ọkùnrin náà fi wé ti àbúrò mi, wọ́n bára mu, ó gbé e lọ́wọ́, ó ń sáré lọ. Nọ́ọ̀sì yàrá ìbímọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí wọ́n gbé e padà wá sórí tábìlì.

Àbúrò mi ti ń kírun pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, nítorí náà wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ́ pàdé. Ọkọ àbúrò mi wá dúpẹ́. Ó gbé odindi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá láti oko, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà wà lórí itan mi, torí ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ àbúrò mi ní òun rí bí wọ́n ṣe sáré. Ó ní òun ò ní gbàgbé ẹsẹ̀ bàbá Aládùúrà tí kò ní bàtà. Nígbà tí ó kan tèmi láti sọ ohun rere tí mo ṣe, kí n tó dìde, ó ní òun ló máa bá mi sọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fún un ní ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Kádàrá ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí àga kékeré yẹn, mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, Jímọ̀ yẹn, yíǹkì pupa, lẹ́tà oníkálukú. Káfíńtà tẹ orí ba. Ẹnikẹ́ni kò bú mi.

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí mi. Ó wá bi mí pé, “Nígbà tó wá bi yín lóṣù keje, ẹ ti mọ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rìn wá síwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì, mo sì gbé ọmọ náà fún un. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Àwọn tó rí i ló sọ fún mi.