Abẹ Ilé Àna Mi

Wọ́n ní obìnrin ló ni owú jíjẹ. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ tèmi, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ọmọ kí ìyàwó mi tó lóyún. Nígbà tó lọ sí visítì, àyẹ̀wò àwọn aláboyún, ní ilé ìwòsàn Ìfọ̀nyìn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ bò.

"Bọ́n, ó dáa. Ìyàwó yín ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èyí tí à ń pè ní epatíìtì B. Kòkòrò ló ń fà á, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà."

"Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kẹ̀? Ojú rẹ̀ ò mà pọ́n."

"Bàbá, ó lè gbé inú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú má pọ́n rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u fó."

"Níbo ló ti kó o?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò lè gbé e. Ìbálòpọ̀ náà…"

Ibẹ̀ ni etí mi dúró sí. Ó ní a lè jọ jẹun nínú àwo kan, kò sí ewu níbẹ̀. Ó tún tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́ tí a bá bí i gan-an, kí àrùn náà má baà di tirẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe bímọ sílé. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ nìkan ni mo gbé dé ilé wa ní Banigbé.

Ohun tó fà á rèé. Gàrí àti epo ni ìyàwó mi ń tà. Lọ́jọ́ ọjà, sẹ́mijàn kan ló ń fi alùpùpù gbé e lọ sí Ìgòlò. Ọkùnrin náà ga, eyín rẹ̀ funfun, ó sì máa ń nu àga alùpùpù rẹ̀ kí ìyàwó mi tó gùn ún. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, n kò nu àga fún un rí.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n gún mi ní àkọ́kọ́ nínú abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí yóò dáàbò bò mí. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Èmi ń rò ó pé: bí kì í bá ṣe èmi ni mo kó o ràn án, ta ni?

Láti ọjọ́ náà, mo di ẹ̀ṣọ́. Mo pa oko ẹ̀gẹ́ tì, mo ń ru kẹ́ẹ̀gì epo tẹ̀ lé e lọ sọ́jà.

"Bàálé mi, ṣé epo lẹ̀ ń ṣọ́ ni, àbí èmi?"

"Epo ni. Epo wọ́n."

"Ẹ kúkú so mí mọ́ ìdí ọ̀pẹ."

Ìrọbí mú un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Mo sáré jáde sí títì. Alùpùpù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ sì ti mọ ẹni tó ni ín. Ó ń nu àga.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò ní òun lè gbẹ̀bí rẹ̀ sílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ọmọ á wáyé, ọkùnrin yẹn ò sì ní sún mọ́ ìyàwó mi. Àfi bí ìyàwó mi ṣe di aṣọ mi mú lọ́rùn.

"Abẹ́rẹ́ ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí tọmọ yìí náà dà bí tèmi ni?"

Mo gbé owú mì bí ẹni mu omi ewúro. Mo ní kí ọkùnrin náà gbé wa, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa jókòó sáàárín.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá wà láàárín, ta ni yóò dì í mú lẹ́yìn kó má ṣubú?"

Mo bọ́ sẹ́yìn. Títí a fi dé Ìfọ̀nyìn, ọwọ́ ìyàwó mi kò kúrò ní ìbàdí ọkùnrin yẹn. Mo ń wò ó.

Obìnrin ló bí. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gún ọmọ náà ní itan. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gún un tán.

Ìyá ìyàwó mi wá wẹ ọmọ. Nígbà tó tó àkókò láti fá orí rẹ̀, ó tú abẹ kan jáde láti inú aṣọ funfun.

"Abẹ ilé wa rèé. Òun la fi fá orí ìyá ọmọ yìí àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi àgbà kú. Láti orí dé orí."

"Ẹ ò fọ̀ ọ́ láàárín?" ni mo bi í.

"Kí la fẹ́ fọ̀? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá pààrọ̀ abẹ ti pín ilé."

Ìyàwó mi wò mí. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ nípa abẹ padà wá sí mi létí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí ọmọ.

"Ìyá, ẹ má bínú. Kì í ṣe abẹ yìí."

"Àna mi, ìwọ lo fẹ́ pín ilé wa?"

"Ẹ jẹ́ kí n pín in."

Abẹ tuntun ni mo lọ rà. Nígbà tó yá, gbogbo wọn lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìyá kò ní in, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyàwó mi, àwọn méjèèjì ní in. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè búra, ṣùgbọ́n abẹ yẹn ni òun máa kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ ó rò pé owú mi parí níbẹ̀. Ó kàn ṣí lọ sí ilé mìíràn ni. Báyìí, tí àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yẹn bá jọ lọ yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò, orí àga gígùn kan ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi àlejò á dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ wa ti ń rìn nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò. Kò sí àrùn níbẹ̀. A jáde tayọ̀tayọ̀, a bá sẹ́mijàn wa níta.

"Ọmọ wa ńkọ́?" ni ó bi mí.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ gbogbo wa ni, ẹ̀gbọ́n!"

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sí sẹ́mijàn náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè na ọwọ́ sí mi. Ọkùnrin náà fa àkísà tó fi ń nu àga yọ lápò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì nu àga náà fúnra mi.