Ṣọ́jà Alásè Tó Gbé Ìkòkò Kọjá

Wọ́n ti gbé ìkòkò Merle lọ kó tó bọ́ ẹ̀wù òtútù ọrùn ẹ̀ tán!

Ìkòkò ńlá ni o. Ṣílì ló wà nínú ẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹran lílọ̀ tó ti ń hó látàárọ̀. Merle gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré bọ́ọ̀lù iléèwé ìlú Oldenkamp, ní Iowa, ó ní kóun gbọn yìnyín kúrò lára bàtà. Kó tó gbójú sókè, Gene Eilers, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tóun náà ti ṣe ológun rí, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti di ìkòkò mú lápá ọ̀tún lápá òsì, ó di igun Kọ́nẹ́ẹ̀lì Colquitt tó ń du ipò ààrẹ, lábẹ́ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú ogun gàgàrà kan. Wọ́n tún gbé fìlà lé ọmọrí ìkòkò. Ohun tí wọ́n kọ sára fìlà ọ̀hún ni "Ṣọ́jà fún Colquitt."

"Sájẹ́ǹtì wa!" Gene ń pariwo. "Máa bọ̀ jàre, àyè ẹ rèé. Ìkòkò ẹ ti ṣáájú ẹ dé!"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé igun yẹn kọ́ ni Merle ń lọ.

Alẹ́ yẹn ni ẹgbẹ́ wọn ní Iowa fẹ́ sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó bá wọn du ipò ààrẹ, ìwé kọ́ ni wọ́n sì fi ń dìbò ní Oldenkamp. Ẹsẹ̀ ni! Wàá lọ dúró sígun ẹni tó o fẹ́, gbogbo ìlú á sì máa wò ẹ́: ẹni tó ń gẹrun fún ẹ, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ìyàwó ẹ pàápàá. Igun tí èèyàn ẹ̀ ò bá tó iye tí òfin sọ, ó túká nìyẹn, wọn ò ní ka ìkankan mọ́ ọn lọ́wọ́.

Merle Tjaden, ọmọ àgbẹ̀ ni. Ìjọba fipá kó o wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Vietnam, wọ́n wo ojú ẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ ẹ̀, wọ́n jù ú sí kíṣìnnì. Ọ̀dùnkún ló ń bó, ẹyin ló ń fọ́, ibi tó ti ń fọ́ ẹyin ló ti di sájẹ́ǹtì. Nígbà tó padà délé, kíṣìnnì iléèwé ló tún wọ̀, kò sì jáde níbẹ̀ títí gbogbo orí ẹ̀ fi funfun báláú. Kò sẹ́ni tó dàgbà ní Oldenkamp tí kò jẹ ṣílì ẹ̀ rí, pẹ̀lú búrẹ́dì aládùn tó máa ń ká bí ìkarahun ìgbín.

Ṣé ìyẹn wá ni ìlú mọ̀ ọ́n sí? Rárá o! Ṣọ́jà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Lọ́jọ́ òmìnira, tí ìlú bá ń wọ́de, iwájú pátápátá ni wọ́n ń tì í sí. Tó bá ní, "Alásè ni mo ṣe o, ẹyin nìkan ni mo fọ́," wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn: "Ẹ rí i? Akọni gidi kì í fọ́nnu." Ó sọ ọ́ títí, ọ̀rọ̀ náà sú u.

Bí wọ́n ṣe ń wo Kọ́nẹ́ẹ̀lì Colquitt náà nìyẹn. Ta ló bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí owó àgbàdo? Ta ló bi í ní ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn? Wọ́n ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ó ti gbọ́wọ́ kan síwájú orí kí wọn, ọkàn ìlú ti yọ́ pátá.

Gómìnà Noreen Abelson ni Merle fẹ́ ní tiẹ̀. Olùkọ́ ni Gómìnà tẹ́lẹ̀, kò wọ aṣọ ológun rí láyé ẹ̀. Àmọ́ òun ló fi bọ́ọ̀sì kékeré ránṣẹ́ sí Oldenkamp, tó ń kó àwọn ṣọ́jà àgbà lọ sílé ìwòsàn ní Des Moines. Orúnkún Merle ò ṣeé fi wakọ̀ lọ ọ̀nà jíjìn mọ́. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà wá wo bọ́ọ̀sì, ó bi Merle pé, "Bàbá, kí lẹ sè fún wọn lógun?" Ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn! Ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn. Merle di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ní, "Igun yín ò ní túká ní Oldenkamp. Èmi Merle ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìlérí yẹn ló gbé e wá síbí lálẹ́ yìí.

Ó rìn lọ bá Gene tààrà. Ó yọ fìlà kúrò lórí ìkòkò, ó dé e mọ́ Gene lórí, lórí fìlà tó ti dé tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ìkòkò mú, ó gbé e, ó di ìrìn! Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ọbẹ̀ ń mì, ó ń gbé e bọ̀ láàárín pápá bọ́ọ̀lù bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Merle!" Gene ké. "Ìkòkò yẹn ti ṣìnà o!"

"Kò ṣìnà. Ẹ̀yin lẹ jí i gbé."

"O ò ní sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ obìnrin tí kò mọ ẹnu ìbọn yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀ lò ń lọ!"

"Ibẹ̀ gan-an ni."

Ariwo ta! Gene tẹ̀ lé e dé ìdajì pápá, ó ń fi ìka ka àwọn ààrẹ àtijọ́ fún un. "Washington, ṣọ́jà! Grant, ṣọ́jà! Eisenhower, ọ̀gágun tó fọ́ Hitler mọ́lẹ̀! Ilẹ̀ yìí mọ ẹni tó ń gbé ìjọba lé lọ́wọ́!"

"Ta ló rán Eisenhower níṣẹ́?" Merle ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ṣé Ààrẹ Roosevelt kọ́ ni? Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló wà. Aṣọ ṣọ́jà wo lo rí lọ́rùn ẹ̀?"

"Lincoln ńkọ́? Lincoln wọṣẹ́ ológun!"

"Ó wọ̀ ọ́. Òun náà ló fira ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀fọn nìkan lòun bá jà, ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n mu lọ."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Gene pọ́n. "Ẹ̀fọn Lincoln sàn ju ẹyin tìẹ lọ, jàre!"

Ẹ̀rín tún sọ. Merle pàápàá rẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kí ṣílì dà sí i lẹ́sẹ̀.

Arlys Brandhorst, akọ̀wé iléèwé, ló ń darí ìpàdé, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn bíi rẹfirí. Ó rìn yíká, ó kà wọ́n. "Igun Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ ti pé, ẹ tún lé. Igun Gómìnà, mẹ́tàlá! Mẹ́rìnlá ni òfin sọ. Àyè ṣì wà láti pààrọ̀ igun. Tí mo bá tún fun fèrè, ibi tó bá bá ẹ ni wọ́n máa kà ẹ́ mọ́."

Ẹyọ kan! Ẹyọ kan péré! Àwọn èèyàn ẹ̀ fọ́n káàkiri, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fi bisikíìtì fa ojú àwọn èèyàn mọ́ra. Tọkọtaya tó kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì ti gba fìlà Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Àgbẹ̀ kan ní òun máa rò ó, ló bá rò ó lọ sí mọ́tò ẹ̀, ó lọ sílé. Merle ò mọ ohun tó tún lè ṣe mọ́. Ó ṣí ìkòkò, ó ń bu ọbẹ̀ fún àwọn tó kù, ó kàn fẹ́ kọ́wọ́ òun máa ṣe nǹkan ni.

Òórùn náà gba pápá kọjá. Ta ló yọ? Gene, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ àti fìlà Colquitt méjì lórí.

"Ìjà ò kan ọbẹ̀," ló wí. "Bu tèmi."

Merle bù ú. Gene ò lè mú sùúrù, ó dúró síbẹ̀, ó ti ṣíbí bọnu.

Fíííì!

Arlys dé. Ó kà wọ́n lórí-lórí. Nígbà tó kan Gene, ó dúró, ó wo fìlà, ó wo abọ́. "Mẹ́rìnlá."

"Èmi kẹ̀?" Ẹ̀wà wà létè Gene. "Ṣílì ni mo wá bù!"

Igun Kọ́nẹ́ẹ̀lì fò sókè, "Ojóró! Ojóró ni!" Igun Gómìnà náà ń pariwo, "Fèrè ti dún! Òfin lòfin!"

"Ó dáa, ẹ gbọ́," Arlys ní. "Mi ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Gene, tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni, sọ ọ́ kí n tó kọ ọ́."

Gene ò tíì lanu tí Merle fi ní, "Padà sí igun ẹ, Gene."

"Merle, panu mọ́!" Obìnrin kan lẹ́yìn ẹ̀ fà á láṣọ.

"Mi ò ní panu mọ́. Láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n ti ń kà mí mọ́ ibi tí mi ò sí. Mi ò ní fi ọbẹ̀ ka ẹlòmíì mọ́ tèmi." Ó mọ̀ pé ìlérí òun ló ń bàjẹ́ lójú òun yẹn. "Máa lọ, ọ̀rẹ́ mi. Gbé abọ́ ẹ dání."

Gene gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó fa ara ẹ̀ nà ró ṣanṣan.

"Ta lò ń pàṣẹ fún?"

"Gene..."

"Mo ní, ta lò ń pàṣẹ fún? Marine ni mí, ọmọ ogun orí omi! Látìgbà wo ni Marine ti ń gbàṣẹ lẹ́nu ṣọ́jà alásè?" Ó wo àwọn èèyàn ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún wo Merle, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Ta lo rò pé ó máa ń jókòó tì ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn, òkú? Ṣé o rò pé mi ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́ ni? Arlys, kọ ọ́!"

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Kọ ọ́ kí n tó bínú!"

Ó kọ ọ́. Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé gbọ̀ngàn kúrò! Àwọn èèyàn Gómìnà ń fò, wọ́n ń dì mọ́ Merle, wọ́n ń gbá Gene lẹ́yìn títí fìlà kan fi bọ́ sínú ìkòkò.

"Kò sí ìlérí ìdìbò gbogbogbòò oṣù kọkànlá o!" Gene ń jágbe fún gbogbo wọn. "Tó bá jẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ẹgbẹ́ mú, tiẹ̀ ni màá ṣe!" Ó na abọ́ síwájú. "Fi ẹran sí i. Látọjọ́ yìí lo ti máa ń ṣahun ẹran."

Merle ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń bu ẹran. Gene jẹ díẹ̀, ó tún jẹ.

"Merle."

"Hẹ̀n-ẹ́n?"

"Lọ́hùn-ún yẹn. Ní Vietnam. Kí lo máa ń sè fún wọn gan-an?"

Merle gbé ìgbakọ sílẹ̀. Ó fẹsẹ̀ fa àga kan súnmọ́ ìkòkò, ó ní, "Jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹyin nìkan á gbà wá títí ilẹ̀ fi máa mọ́."