Aṣọ Ìbora tí Wọ́n Fi Ṣẹ́ẹ̀tì Baba Ọlọ́dà Rán

Ìyá Alábẹ́rẹ́ kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí oníbàárà bá ní aṣọ bá òun mu, á ní kó kọ́kọ́ gbé apá sókè ná. Iṣẹ́ aránṣọ yìí ló fi tọ́ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Ọlọ́dà, ń kun ilé onílé kiri títí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi mú un lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú ìmọ̀ràn kan wá nígbà tí wọ́n ń jẹun.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gé àwọn ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá, ká fi rán aṣọ ìbora. Gbogbo wa la ó jọ rán an. Bí kálukú bá ṣe ń gé, á máa sọ ohun tó rántí nípa wọn."

Ìyá ní ó dáa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ adìẹ, ṣebí ìyẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tu? Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù á tẹ̀ lé e. Kí ló wá kù nínú yàrá bí kò ṣe arúgbó àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀?

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìyàwó bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku. Ó rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá òun, tó ń wo ògiri. Ó bá tọkọtaya náà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ilé ìdáná. Bó ṣe wọlé, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ náà. Gbígbẹ ló gbẹ.

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Ọmọ Ìyá mú àlùmọ́gàjí, ó sì gbé ọ̀kan tí ọ̀dà funfun ta sí léjìká.

"Eléyìí ni Bàbá wọ̀ lọ kun ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n kùn ún títí wọ́n fi há ara wọn mọ́ kọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà jáde!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìyàwó. Nígbà tí òwú tán, ìyàwó ní òun á lọ mú òmíràn ní yàrá Ìyá. Ó lọ, kò dé. Ìyá rọra tẹ̀ lé e, ó sì bá a tó na téèpù láti fèrèsé dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, ṣé ara ògiri ni òwú wà?"

"Bẹ́ẹ̀dì yín ni mo..." Kò lè parí irọ́ náà. Ó jókòó. "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo ti lóyún. Yàrá wa ò lè gba ibùsùn ọmọ. A rò pé bóyá ẹ lè bọ́ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn. A ò mọ bá a ṣe máa sọ ọ́."

"Ìdí tó o fi ní ká gé aṣọ ọkọ mi nìyẹn?"

"Rárá o! Nígbà tí ìyá tó bí mi kú, wọ́n ti pín aṣọ wọn tán kí n tó dé. Ìborùn kan péré, mi ò rí mú. Mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé yìí."

Ìfura Ìyá jàre, ó sì tún jẹ̀bi.

"Ti oyún, mo bá ẹ yọ̀," ni Ìyá wí. "Ti yàrá, mi ò kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù jáde, kí ọmọ máa sùn lọ́dọ̀ mi."

Ìyàwó wò ó tìfura-tìfura, bí ẹni tí wọ́n ta ọjà fún ní ọ̀pọ̀ jù. Ó ti di ẹ̀yìn ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó gbà.

Wọ́n rán aṣọ náà tán kí ọmọ tó dé. Obìnrin ni. Lójoojúmọ́, bí ìyàwó bá ti lọ sí ibiṣẹ́, Ìyá á máa fa ojú ibi tí ìyàwó rán lára aṣọ náà wò, pàápàá níbi tí wọ́n ti so apá mọ́ àyà. Lọ́jọ́ kan, ó rí ibi tó tú. Ó tún un rán, ó gé òwú rẹ̀, kò sì sọ fẹ́nì kan.