Lékèélékèé Etí Àbàtà

Etí àbàtà tó wà lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ̀dù ni Mùyìbátù máa ń jókòó sí bí òjò àrọ̀kúrò bá ti ń fà sẹ́yìn. Lékèélékèé ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ: bí ẹyẹ funfun wọ̀nyí bá ti ìhà òkè ọya dé, tí wọ́n bà sí àbàtà lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, òjò ti lọ nìyẹn, kí obìnrin bó iṣu, kó bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, kó sá a sórí àpáta, kó gbẹ di gbodo tí wọn yóò lọ̀ ṣe èlùbọ́. Mùyìbátù kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn obìnrin agboolé ń wò. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì fi ń kà á sí nílé náà nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, oṣù kẹsàn-án ò tíì parí tí ẹyẹ fi dé. Ó yà á lẹ́nu. Ó lọ wò wọ́n láàárọ̀, ó tún lọ nírọ̀lẹ́. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń ṣa kòkòrò lẹ́sẹ̀ màlúù.

Ojú ń kán Àwáwù, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ìyá wa, ẹ sọ̀rọ̀ o! Iṣu tèmi ti ń bà jẹ́. Àbí ẹ fẹ́ kí ẹyẹ kọ́kọ́ sálámà sí yín ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n ti dé," ó ní. "Ẹ máa bó o."

Gbogbo iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ wà ló bó. Ohun tí yóò jẹ, ohun tí yóò fi ra èbù ọdún tó ń bọ̀, orí àpáta ló wà, funfun báláú.

Òjò ṣú láti ìhà Ìgbòho. Wọ́n sáré gbé ọ̀rá, wọ́n sáré gbé agbọ̀n, kò ràn án. Ó rọ̀ mọ́jú, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí oòrùn yóò fi yọ, gbodo ti bu, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ewúrẹ́ gan-an gbóòórùn rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀.

Muhydeen, ọkọ Àwáwù, alápatà ni. Ó dé láti odò ẹran níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó kọjú sí Mùyìbátù.

"Ìyá Tàófíìkì, àwọn tí à ń fi ìfun ẹran bọ́ lẹ rí yẹn! Àtèṣí ni wọn ò ti lọ síbì kankan mọ́. Òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò wá sí àbàtà. Wọ́n ti di ọmọ onílùú, ó ku kí wọ́n máa san owó orí."

Ó wá rí ojú ìyá náà. Ó bá a kó agbọ̀n kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ dé, àwọn obìnrin tí iṣu ṣì kù nínú ebè wọn bá Mùyìbátù lọ sí àbàtà. Ọ̀wọ́ ẹyẹ kan yọ lókè, wọ́n yípo, wọ́n bà sáàárín àwọn tó ti wà nílẹ̀, gbogbo wọn di ọ̀kan.

"Ṣé àwọn àlejò nìyẹn, Ìyá wa?" Àwáwù béèrè. Kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá.

Mùyìbátù wo ìyẹ́, ó wo ẹnu, ó wo ẹsẹ̀. Ó wò wọ́n títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi.

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n dúró díẹ̀ sí i, bóyá yóò tún sọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú ìpinnu tirẹ̀.