Ìrọ̀rí Òwú Àràbà

Ọwọ́ òsì ni Màmá Ẹ̀yìnkùlé fi gbá ìpàkọ́ àbúrò mi mú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di abọ́ mú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì dúró. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ń jáde lára aṣọ wọn. Nígbà tí ọmọ náà bì tán, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ẹnu rẹ̀, wọ́n sì rọra gbé e padà sórí ìrọ̀rí.

"Ọkọ mi, ṣé o ti jí?"

"Èmi kọ́ lọkọ yín. Ẹ ò léyín."

"Ta ló sọ fún ọ pé eyín ni wọ́n fi ń ṣe ìyàwó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń wo ẹ̀gbẹ́ nígbà náà, ó sì dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń rín in sí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Abúlé wa kò jìnnà sí Lálùpọn. Bàbá wa jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé ìjọ, ìyá wa sì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà. Màmá Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ń pe ìyá àgbà yìí, torí pé ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni wọ́n ti ń yan gàrí. Wọn kì í ṣe ẹbí wa.

Orí fífọ́ àti èébì ìdájí ni àìsàn náà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Bàbá àti ìyá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Dókítà sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kókó kan ń dàgbà nínú ọpọlọ rẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i, kí wọ́n gbé e lọ sílé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bi Bàbá pé kí ni dókítà wí. Bàbá ní, "Ó ní ká máa tọ́jú rẹ̀."

Bàbá ló sọ èyí fún mi fúnra wọn, lọ́dún tí mo wọ yunifásítì. Wọ́n ní ẹnu àwọn kò lè sọ ìyókù fún abiyamọ. Màmá Ẹ̀yìnkùlé nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún, Màmá sì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ló ń ni ín lára jù?"

Bàbá ní, "Èéfín. Ariwo. Àti kó fi orí lélẹ̀."

Èmi fúnra mi rí ohun tó tẹ̀ lé e. Màmá kó agbada wọn àti òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí etí odò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ru ẹ̀gẹ́ tútù gba ọ̀nà gígùn lọ yan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ ṣa òwú lábẹ́ igi àràbà tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n yọ kóró inú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì kì í sínú àpò ìyẹ̀fun. Ìrọ̀rí náà ga débi pé ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jókòó sùn. Mi ò sọ pé ó wò ó sàn. Ohun tí mo rí ni pé ó ń sùn.

Ní ìdájí, ìyá mi máa ń lọ gbàdúrà fún un ní ilé àdúrà. Ìgbà náà ni Màmá máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n sọ fún mi pé, "Tí ìyá rẹ bá dé, má sọ fún un pé àbúrò rẹ bì. Jẹ́ kó ráyè gbàdúrà." Mi ò sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wòlíì ilé àdúrà náà ní òun rí ọwọ́ àgbàlagbà kan lórí ọmọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìran ni, tàbí ẹnì kan ló ti ṣòfófó fún un. Wọ́n pè mí síwájú ìjọ. Simẹ́ńtì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ǹjẹ́ ìyá àgbà kan máa ń fọwọ́ kan orí àbúrò rẹ ní ìdájí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nígbà tí ìyá rẹ kò sí nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó ní kó o má sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò bi mí léèrè ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe níbẹ̀. Èmi náà kò sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi sun ìrọ̀rí náà níwájú ilé. Òwú àràbà kì í pẹ́ jó. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sọ̀rọ̀, torí pé bí wọ́n bá sọ ìdí tí Màmá fi ṣe ìrọ̀rí náà, wọ́n á ní láti sọ ìyókù ọ̀rọ̀ dókítà. Ìyá mi kọjú sí Màmá, wọ́n ní, "Ẹ má dé ọ̀dọ̀ wa mọ́."

Màmá ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó fi orí lélẹ̀."

Orí ẹní pẹrẹsẹ ni ìyá mi tẹ́ ọmọ náà sí. Mo ká ìró mi sábẹ́ orí rẹ̀, ó ń yọ̀ dànù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sunkún ní ìdájí ìdájí, tó ń béèrè ìyàwó rẹ̀ tí kò léyín, títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó kú.

Ọjọ́ méje ni èéfín kò fi jáde létí odò. Àwọn ará abúlé ní ẹ̀rí ọkàn ló mú Màmá. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀. Títí Màmá fi kú, kò sí ẹni tó ra gàrí wọn mọ́ ní abúlé wa. Ọjà ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rù ú lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo máa ń pẹ́ kí n tó dáhùn ìbéèrè. Òótọ́ ni. Ìdáhùn mẹ́ta ni mo fún wòlíì, kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan, mo sì ti rí ohun tí wọ́n ṣe.

Nígbà tí mo relé kẹ́yìn, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Wọn kò gbójú sókè. "Ìwọ tó o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé bàbá rẹ sọ fún ọ rí, kí ni dókítà yẹn wí gan-an?"

Mo wo ọwọ́ wọn nínú ẹ̀wà.

"Ó ní ká máa tọ́jú rẹ̀, Mọ́mì."