Orí Kọkànlá Tí Mi Ò Yà Láwòrán

Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ yíǹkì kúrò lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà yẹn, òórùn rẹ̀ ni mo sì máa ń gbé láti Kétu wọlé ní Ìkòsì lójoojúmọ́. Mummy mi, tí wọ́n ń ránṣọ níwájú ilé wa, á ní kí n kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kí n tó fara kan aṣọ oníbàárà. Ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, tí fóònù alágbèéká ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù díẹ̀díẹ̀. Mo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, mi ò sì rí ẹni tó fẹ́ kí n ya nǹkan kan fún òun ju páálí ìpolówó lọ. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Kétu, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa bá òun sọ àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ di ìwé aláwòrán.

Èrò Ọ̀gá kì í ṣe tuntun, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí wa wà lọ́dọ̀ọ́, ìwé ìròyìn wà tí wọ́n ń fi fọ́tò àwọn òṣèré to ìtàn lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Mummy ní páálí kan tó kún fún un lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kì í ṣe torí ìtàn, torí ọrùn aṣọ àwọn obìnrin inú rẹ̀ ni. Fídíò ló gba àwọn ìwé yẹn lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nítòsí ibùdókọ̀ Kétu, àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ṣì máa ń tẹ́ àwọn ìwé aláwòrán tó ti òkè òkun wá sílẹ̀, ìwé ńláńlá àwọn òyìnbó tí wọ́n ti gé kúrú, tí wọ́n sì ti kùn ní pupa àti búlúù. Àwọn ọmọ iléèwé ń rà á kí wọ́n má bàa ka ojúlówó. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò ní máa ka tiwa náà báyẹn? We can do it jàre."

Èyí tó kọ́kọ́ mú ni ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ru iyọ̀ láti etí òkun lọ sí ìlú òkè. Gbogbo wa la ti kà á ní sẹ́kọ́ńdìrì, tàbí kí n sọ pé gbogbo wa la ti gbé e lọ sí kíláàsì. Olè wà nínú rẹ̀, odò tó kún wà níbẹ̀, kìnnìún wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé nínú ilé àtijọ́ kan ní Ìkòsì, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé tuntun tó ní géètì. Èmi àti Ọ̀gá lọ kí wọn. Mo kúnlẹ̀, Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, wọ́n ní àwọn gbà, kí a gé ohun tó bá wù wá, ṣùgbọ́n kí a kó gbogbo rẹ̀ wá fún àwọn wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bí àwọn ò bá fọwọ́ sí i, a ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. A ti ń dìde lọ kí wọ́n tó tún sọ ọ̀kan sí i.

"Ẹ fojú sí orí kọkànlá o. Òun ni ìwé mi. Ìyókù, ìrìn lásán ni."

Ẹ̀rín ni mo fi gba ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ó sì dá mi lójú pé ìwé Bàbá gùn jù, pé èmi ni Ọlọ́run rán wá láti bá wọn tún un ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà, ṣùgbọ́n kí ló kan èmi kan àkísà nígbà yẹn? Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Bébà ńlá kan, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lójú méjèèjì tí wọ́n sì ká a, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ló ń di. Bébà méjì ni Ọ̀gá lè fi ṣe ìwé kọ̀ọ̀kan. "Thirty-two pages la ní, kò lè fi ẹyọ kan lé," ló máa ń sọ. "Tó bá ti di thirty-three, bébà mìíràn nìyẹn o." Nítorí náà, màá ka orí kan lẹ́ẹ̀mejì, màá mú ohun tí ojú lè rí, màá da ìyókù nù. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àyè róbótó tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí kò sì tó agbọ̀n.

Mo ti yà dé ojú ìwé kẹtàlélógún nígbà tí Mummy kú. Ọ̀sán ni. Wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, aládùúgbò kan sì sáré lọ pe mọ́tò. Kí n tó ti Kétu dé ilé ìwòsàn, ó ti parí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nọ́ọ̀sì ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń wò ó pé bọ́tìnì kan ti já lára aṣọ rẹ̀. A gbé wọn lọ sí ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kọrin, wọ́n gbàdúrà. Àwọn ènìyàn ń kí mi kú ará fẹ́ra kù, mo ń dá wọn lóhùn bí ẹni ń dá oníbàárà lóhùn. Àwọn àǹtí mi ń wojú mi, wọ́n ń retí kí n bú sẹ́kún, èmi náà sì ń retí rẹ̀. Kò wá. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mo jẹ ìrẹsì, mo sùn, mo jí. Ní Mọ́ńdè mo ti padà sí Kétu. Ọ̀gá ra búrẹ́dì fún mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni mo dé orí kọkànlá. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ láti orúkọ tí Bàbá fún un: ìyá ọkùnrin oníyọ̀ náà kú. Nílé ìwé, ńṣe la máa ń fò ó, torí ìbéèrè ìdánwò kì í ti ibẹ̀ jáde, kò sì sí ìjà nínú rẹ̀. Mo ṣí i, mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo pa á dé. Mo ya ilé kan tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÌYÁ RẸ̀ KÚ. Ó SIN ÍN. Ó DI ẸRÙ RẸ̀, Ó LỌ. Mo sọ fún Ọ̀gá pé àyè ni kò gbà mí. Irọ́ ni. Ojú ìwé mẹ́rin ṣì wà lọ́wọ́ mi, kìnnìún ni mo kó gbogbo rẹ̀ fún. Ọ̀gá yin kìnnìún náà gan-an ni.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ la fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí Bàbá bá kọ̀, ńṣe la máa kó o dà nù, Ọ̀gá sì ti sọ pé òun ò ní lágbára àtibẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọjọ́ tí a kó o lọ sí Ìkòsì, Bàbá mú awò tí ń mú lẹ́tà tóbi, wọ́n ń ṣí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn olè wà. Nígbà tí wọ́n dé ibi ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n dúró.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o ka orí kọkànlá?"

"Mo kà á, sà."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

Aago ara ògiri wọn ni mò ń wò. Ọ̀gá ló fẹnu sí i.

"Bàbá, ẹ má bínú sí i. Mummy ẹ̀ ló ṣaláìsí, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ó máa tún un yà. I promise, sà."

Mo ń dúró de kú ará fẹ́ra kù, torí gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Bàbá ò sọ ọ́. Wọ́n tún gbé awò sójú àwòrán kan ṣoṣo yẹn, ó sì pẹ́.

"Kó má tún un yà," ni wọ́n wí. Wọ́n gba bíírò lọ́wọ́ Ọ̀gá, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n wá kọjú sí mi. "O ò kà á. Kò burú. Lọ́jọ́ tó o bá kà á, kó o wá sọ ohun tó o rí fún mi."

Inú bí mi. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ tú àṣírí irọ́ mi lójú Ọ̀gá. Ìbínú yẹn nìkan ni nǹkan tó ṣe mí ní gbogbo ìgbà náà, ó sì ti tán kí a tó padà dé Kétu.

Ìwé náà jáde. Àwọn ọmọ iléèwé rà á láti Kétu dé Ogudu. Tíṣà kan sọ fún Ọ̀gá pé òun ní kí kíláàsì òun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orí kọkànlá, gbogbo wọn pátá ló kọ pé ìyá rẹ̀ kú, ó sin ín, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. A ò ṣe ìkejì. Fídíò àti fóònù ti gba àwọn oníbàárà wa lọ, Ọ̀gá padà sídìí ìwé ìpè ìgbéyàwó, èmi náà sì ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan níbi tí mò ń ya àwòrán ara páálí bísíkíìtì. Mo máa ń kọjá ní àdúgbò Bàbá. Mi ò yà sọ́dọ̀ wọn. Màá ní tó bá di Kérésì, màá ka orí náà, Kérésì tó sì ti kọjá láti ìgbà yẹn kò kéré.

Ní ọdún tó kọjá ni Ọ̀gá pè mí. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ wọn sì gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú fún un. Wọ́n fẹ́ kí á mú ibi kan látinú orí kọkànlá sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí èmi sì yan ibi tó bá dára. Iṣẹ́ niṣẹ́. Mo jókòó sídìí tábìlì ní ọ̀sán Sátidé kan, mo kà á.

Ọkùnrin oníyọ̀ náà délé, ó bá òkú ìyá rẹ̀. Kò sunkún. Ó jẹ iṣu. Ó tún igun òrùlé tó ń jò ṣe. Àwọn ará ilé bínú sí i pé ojú rẹ̀ le, ó ní òun pàápàá jókòó tí òun ń dúró de ẹkún náà, òun ò mọ ibi tó yà sí. Nǹkan mìíràn kò ṣẹlẹ̀. Ẹkún náà kò dé títí orí náà fi parí. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo ti ya orí kọkànlá láìkà á, Bàbá sì mọ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí Mummy ti kú ni mo ti gbà pé ọmọ burúkú ni mí, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ti wà bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú mi, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó wá dùn mí, ó dùn mí gan-an, ní tábìlì níbẹ̀. Ìyá mi kú. Mo nu ojú mi, mo dìde, mo wọ bàtà kí n lọ sọ ohun tí mo rí fún Bàbá ní Ìkòsì. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn kí n tó rántí pé ètò ìsìnkú wọn ni mò ń ṣe.