Òdòdó Funfun Inú Ike Ọ̀dà

Bàbá onílé wa ní Ajégúnlẹ̀ kì í bomi rin òdòdó funfun wọn láìkọ́kọ́ kan ike ọ̀dà tí wọ́n gbìn ín sí, kó kó kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Gbòǹgbò ti kún ike náà fọ́fọ́. Èmi tí mò ń ta ike ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n fún yín ní èyí tó tóbi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Oníke, ọjà lò ń wá. Ibi tó há ló ti máa ń tanná."

Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ọmọ wọn mú wọn lọ sí ilé ńlá ní Àpápá, ó sì gbin òdòdó náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà. Ewé nìkan ló ń yọ. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n ní, "Oníke, kò sẹ́ni tí mo lè bá ṣàwàdà níbí. Bá mi mú ike ọ̀dà yẹn bọ̀."

Ìgbà tí mo fi gbé ike dé, wọ́n ti sin Bàbá. Mo hú òdòdó náà, mo gbé e wálé nínú ike náà.

Ó ti tanná níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Àwọn oníbàárà ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń kan ike kí n tó bomi sí i. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Onílé mi ni mò ń kí.